Máúsà Méjì Lórí Tábìlì

Bí ọ̀rọ̀ igi ìbọn bá délẹ̀, kò sẹ́ni tó lè pa Orville Teague lẹ́nu mọ́. Ó ti tó ọgbọ̀n ọdún tó ti ń ta ìbọn àlòkù àwọn ológun ní Montana, ní Amẹ́ríkà, ó sì kórìíra fánísì, ọ̀dà tí wọ́n fi ń mú igi dán, dé góńgó. Ní ọ̀sán Jímọ̀ tí Dwight Haugen mú Marit, ọmọ rẹ̀ obìnrin, wá ra ìbọn ọdẹ àkọ́kọ́, Orville gbé ìbọn Máúsà méjì, irú èyí tí àwọn ológun ń lò, sórí tábìlì fún wọn. Wọ́n ti fi fánísì kun igi ọ̀kan, irin rẹ̀ sì ń dán yanran. Ìkejì wà bí ológun ṣe fi í sílẹ̀, igi rẹ̀ ti mu òróró yó, ó kún fún àpá, irin rẹ̀ dúdú láìdán.

Dwight ní èyí tó ń dán lòun fẹ́. Orville fa irin ìdí àwọn ìbọn náà yọ, irin tí í ti ọta mọ́nú, kí wọ́n lè wo inú ihò wọn, ó sì bẹ̀rẹ̀ ìwàásù. Ó ní àtíkè ojú arúgbó ni fánísì, pé ojúlówó igi kì í tijú àpá. Marit gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé igi alápàá, ó ní ó bá òun mu. Bàbá rẹ̀ gbà, ó sanwó rẹ̀. Orville ti àwọn irin náà padà sídìí ìbọn, ọ̀rọ̀ ṣì ń dùn lẹ́nu rẹ̀.

Láàárọ̀ Sátidé, ó ń nu ìbọn oní-fánísì nígbà tí ojú rẹ̀ bá nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sára rẹ̀. Ti irin ìdí ìbọn kò bá ti ara rẹ̀ mu. Ó ti ṣi irin ìdí ìbọn kan fi sí èkejì lánàá. Irin tí kì í ṣe ti ìbọn náà gan-an lè má ti ọta náà pa dáadáa, iná yóò sì bú padà sójú ẹni tó yìn ín. Ó pe ilé Dwight. Ìyàwó Dwight ní òun àti Marit ti lọ dán ìbọn wò ní pápá ìyìnbọn, pé Marit ò tiẹ̀ dúró jẹun.

Orville wa ọkọ̀ bí ẹni tí wọ́n ń lé. Nígbà tó débẹ̀, Marit ti dùbúlẹ̀, ó ti ki ọta bọ ìbọn. Orville pariwo, ṣùgbọ́n gbogbo àwọn tó ń yìnbọn ló ti di etí. Ní pápá yẹn, ẹnì kan kì í kọjá ìlà pupa tó wà níwájú àwọn tó ń yìnbọn nígbà tí ìbọn bá ń dún. Òun fúnra rẹ̀ ti lé ènìyàn jáde nítorí rẹ̀. Ẹ̀rù bà á gan-an. Ó kọjá ìlà náà, ó na ọwọ́ méjèèjì sókè, ó dúró síwájú ìbọn.

Ìbọn gbogbo dákẹ́. Dwight sáré wá, ó gbá a lọ́rùn aṣọ mú.

"Ṣé orí yín pé báyìí? Ẹ fẹ́ kí ọmọ mi di apànìyàn?"

"Wo nọ́ńbà irin ìdí ìbọn yẹn, Dwight. Fi wé ti ara ẹ̀."

Dwight lọ wò ó. Ó tún un wò.

"Ta ló ṣe é?"

"Èmi ni. Ẹnu ni mò ń lò, mi ò wo ọwọ́ mi."

Marit dìde, ó tú ohun tó fi di etí, ó béèrè bóyá òun lè yìn ín báyìí. Àpá igi ìbọn náà ti tẹ̀ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, nísàlẹ̀ ojú gan-an, níbi tí iná ìbá ti bú sí. Orville rí i, ó jókòó sínú koríko, ó sì bú sẹ́kún.