Tíì Tó Dúdú Nílé Àna

"Ṣé tíì lèyí, àbí àgbo ibà?"

Ìyá Àgbà gbé ife náà síbi ìmọ́lẹ̀ fèrèsé, ó wò ó títí, ó sì rọra gbé e padà sórí tábìlì láìfẹnu kàn án. Qiaoyun, tó gbé e fún un, ń wò ó. Ọjọ́ kẹta rẹ̀ rèé ní Taiyuan ní àríwá Ṣáínà, ìlú àfẹ́sọ́nà rẹ̀, ó sì mọ ìtumọ̀ ife tí wọn kò mu. Nínú ilé yìí, bí àgbà bá mu tíì tí ìyàwó gbé fún un, ó ti gbà á nìyẹn. Bí kò bá mu ún, kí ọmọ ọlọ́mọ yáa máa palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́.

"Ó dùn!" Zhenhai, ọmọ-ọmọ tí Ìyá Àgbà fọwọ́ ara rẹ̀ tọ́, ti gbé tirẹ̀ mì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ojú rẹ̀ pọ́n, síbẹ̀ ó rẹ́rìn-ín músẹ́ sí Qiaoyun, ẹ̀rín kan náà tó jí ọkàn rẹ̀ gbé nínú ọkọ̀ ojú irin lọ́dún tó kọjá.

"Ta ló bi ọ́?" Ìyá Àgbà dáhùn. "Bó bá bu omi ìfọṣọ fún ẹ, ṣebí wàá ní kó fi kún un ni." Ó yíjú sí ọmọbìnrin náà. "Ọmọ mi, o ní bàbá rẹ ló já ewé yìí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Kí ọdún tí a ń gbálẹ̀ ibojì àwọn baba ńlá tó dé, nígbà ìrúwé yìí, ni wọ́n já a. Ewé àkọ́yọ ni."

"Ti ọdún wo?"

Ọ̀rọ̀ náà gún un bí abẹ́rẹ́. Bàbá rẹ̀ lórí òkè Suichang, tó dúró ti agbada gbígbóná kó tó yan ewé náà tán, tó wé e bí ẹni wé ọmọ tuntun, òun ni wọ́n ń pè ní ẹlẹ́tàn? Ṣùgbọ́n kí ni yóò sọ? Tíì tó máa ń ní àwọ̀ ewé tútù nílé wọn ti dúdú bí àgbo níbí, ohun kan sì léfòó lójú rẹ̀ bí òróró.

"Ẹ jẹ́ kí n tún un ṣe, mà." Ó sá wọ ilé ìdáná kí omijé tó já bọ́.

Ó ṣí kẹ́tùlù. Inú rẹ̀ funfun, ohun tó lẹ̀ mọ́ ọn nípọn bí èépá ojú egbò. Ó fi èékánná ha á, ó ṣí wẹ́wẹ́ bí ẹfun. Ìgbà náà ni gbogbo rẹ̀ wá sọ́kàn rẹ̀. Irun rẹ̀ tó ti le bí okùn látìgbà tó ti dé, ó ti rò pé ẹ̀rù àna ló fà á. Ọṣẹ tó kọ̀ tí kò hó, ó ti bú ẹni tó tà á. Àwọn ife tó fọ̀, tí wọ́n ń ní àmì funfun tótòtó bí wọ́n bá ti gbẹ, tí Ìyá Àgbà sì ń yọ́ tún fọ̀ lẹ́yìn rẹ̀!

"Omi ni!" ó pariwo.

Zhenhai yọjú. "Kí ló dé, olólùfẹ́ mi?"

"Fi olólùfẹ́ sílẹ̀ ná, bá mi wá ìgò òfìfo."

Ó bu omi ẹ̀rọ sínú ìgò náà. Ó mú ìgò kejì, omi tó rà nínú ọkọ̀ ojú irin tí kò tíì mu tán. Ó gé ọṣẹ bíńtín sínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó gbé méjèèjì síwájú Ìyá Àgbà, ó sì mì wọ́n jìgìjìgì. Omi ọkọ̀ ojú irin hó dé ọrùn ìgò. Ti ẹ̀rọ kàn funfun bí omi ògì ni, kò hó rárá.

"Omi yín le, mà. Òkúta inú ilẹ̀ ló yọ́ sínú rẹ̀. Kì í jẹ́ kí ọṣẹ hó, kò sì jẹ́ kí tíì bàbá mi fi àwọ̀ rẹ̀ hàn."

Zhenhai ń wo àjà.

"Ṣé omi tí mo fi tọ́ ọmọ yìí dàgbà lò ń bú?"

"Rárá o, mà! Ẹ wo èjìká rẹ̀. Omi tó tọ́ irú èyí dàgbà, ta ló tó bú u?"

Etí Zhenhai pọ́n bí ata. Ìyá Àgbà tẹjú mọ́ ọmọbìnrin náà, àfi bó ṣe bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ gbọ́ ẹnu ọmọ yìí! Èjìká ló ti ń wò!"

Ẹ̀rọ kan wà lẹ́nu géètì ọgbà wọn tó ń ta omi tí wọ́n ti sẹ́ òkúta kúrò nínú rẹ̀. Ọdún márùn-ún ni Ìyá Àgbà ti ń pòṣé kọjá lára rẹ̀, pé òmùgọ̀ ló ń ra omi nígbà tí omi ń dà nílé. Lónìí, ó gbé kẹ́ẹ̀gì, ó wọ bàtà.

"Ẹ jẹ́ kí n bá yín lọ," ni Zhenhai wí.

"Jókòó. Tíì mi ni."

Láti ojú fèrèsé ni wọ́n ti gbọ́ ohùn aládùúgbò kan. "Háà! Ẹ̀yin náà ń ra omi, Ìyá Àgbà?"

"Má dá mi dúró o, mo ní àlejò pàtàkì!"

Nígbà tó dé, kò jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kan kẹ́tùlù. Ó fa ìkòkò ọtí kíkan dúdú tí wọ́n ń bù sí oúnjẹ jáde, èyí tí kò sí ilé tí kì í sí ní Taiyuan, ó sì dà á sí i. Ó hó ṣùù. Èépá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí. Qiaoyun sín lẹ́ẹ̀mẹ́ta.

"Èyí kì í ṣe tuntun sí mi," ni Ìyá Àgbà wí. "Ọ̀lẹ ni kò jẹ́ kí n ṣe é látọdún méjì."

Wọ́n ṣan kẹ́tùlù dáadáa, wọ́n sì se omi tuntun. Lọ́tẹ̀ yìí, ewé náà là lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n nàró nínú ife, àwọ̀ tíì náà sì dà bí ti ewé orí òkè lẹ́yìn òjò. Òórùn ilé bàbá rẹ̀ gba gbogbo yàrá náà. Qiaoyun fi ọwọ́ méjèèjì gbé e síwájú.

Ìyá Àgbà fẹnu kàn án. Ó dijú. Ó tún mu. Ó gbé ife náà dorí kodò sẹ́nu, títí ewé kan fi lẹ̀ mọ́ ọn létè.

"Pe bàbá rẹ," ó wí.

Qiaoyun fa fóònù yọ. "Kí ni kí n sọ fún wọn, mà?"

"Sọ fún un pé ife mi ti ṣófo." Ó rọra mú ewé náà kúrò létè, ó sì wò ó lórí ìka rẹ̀. "Sì bá mi bẹ̀ ẹ́, kó má bínú sí omi wa."