Ọwọ́ Tí Régis Bá Maryvonne Nà

Òórùn teurgoule ló kọ́kọ́ wọlé kí Ginette, arúgbó aládùúgbò, tó wọlé. Ìrẹsì tí wọ́n fi wàrà àti sínámọ́nì sè sínú ààrò láti òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, tí ojú rẹ̀ fi dì bí awọ, kì í ṣe oúnjẹ tí èèyàn ń sè fún ọ̀tá. Inú àwo amọ̀ tí ìyá rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un ló gbé e wá. Maryvonne Lecacheux fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, ṣùgbọ́n kò lè wo ojú ẹni tó gbé e fún un.

"Ojú ńkọ́?" Ginette bi í.

"Ó ń san, Màmá. Wọ́n ní kí n má tíì wa mọ́tò ni."

"Ojú burúkú yẹn ló kó bá wa. Ká ní o wà ní ìjókòó ìgbìmọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì ni, Régis ì bá tó bẹ́ẹ̀? Mo ti rí olè adìẹ, mo ti rí olè kẹ̀kẹ́. Olè tó ń jí ọwọ́ obìnrin tó wà lórí ibùsùn dókítà, èyí ni àkọ́kọ́."

Maryvonne wo ilẹ̀. Gbogbo Bas-Hamel ló ń sọ ohun kan náà, kò sì sí ẹyọ òtítọ́ kan nínú rẹ̀.

Nílẹ̀ Faransé, bí ọ̀nà bá gbó, tí ilé-ẹ̀kọ́ gírámà bá ń jò, tí arúgbó bá ń fẹ́ ẹni tí yóò tọ́jú rẹ̀, ìgbìmọ̀ ẹkùn ni wọ́n ń ké sí. Ìgbìmọ̀ yìí náà ló ni ọkọ̀ odò tó ń gbé èèyàn sọdá láti Bas-Hamel sí òdìkejì lọ́fẹ̀ẹ́, láti ìgbà tí bàbá àwọn arúgbó ti wà lọ́mọdé. Àdúgbò kọ̀ọ̀kan a máa rán aṣojú méjì lọ síbẹ̀, ọkùnrin kan, obìnrin kan, fọ́tò àwọn méjèèjì lórí bébà ìbò kan ṣoṣo. Ẹni tó bá fẹ́ ọ̀kan ti fẹ́ èkejì nìyẹn, bí ìyàwó àti àna. Maryvonne àti Régis Tassel ni ti àdúgbò wọn.

Lọ́dún náà, ìpẹtà jẹ ìdí ọkọ̀ odò dé ibi tí kò ṣeé lẹ̀ mọ́. Lọ́dún náà kan náà, òjò ń rọ̀ sórí àwọn ọmọ nínú kíláàsì ní ilé-ẹ̀kọ́ Hautmesnil, àwọn òbí sì ti ń kó ọmọ wọn kúrò. Ààrẹ ìgbìmọ̀ ní ọ̀kan ni agbára àwọn ká. Régis ní ọkọ̀ ni kí wọ́n ṣe. Maryvonne ní ilé-ẹ̀kọ́ ni, ohun tó sì gbà gbọ́ látọkàn wá ni. Ọmọ tí òjò lé kúrò nínú ẹ̀kọ́, ta ni yóò dá ọdún yẹn padà fún un?

Ṣùgbọ́n Bas-Hamel ni wọ́n bí i sí. Ibẹ̀ ni sàréè bàbá rẹ̀ wà, ibẹ̀ ló ti ń ra búrẹ́dì. Ó lè sọ ọ́ ní ọ́fíìsì ààrẹ, kò lè sọ ọ́ ní èbúté. Nígbà tí dókítà ojú wá bi í pé ọjọ́ wo ló rọ̀ ọ́ lọ́rùn fún iṣẹ́ abẹ, Ajé tàbí Ẹtì, ó mọ̀ pé Ẹtì ni wọn yóò dìbò. Ó ní, "Ẹtì."

Òfin gbà pé kí aṣojú tí kò ní lè wá fi ọwọ́ rẹ̀ lé ẹlòmíràn lọ́wọ́ láti bá a dìbò. Ó pe Régis. "Bá mi nawọ́ pé kí wọ́n gbé ọkọ̀ náà kúrò."

"Èmi kẹ̀? Èmi tí mo ń pariwo pé kí wọ́n má gbé e?"

"Tèmi lo máa nà. Na tìrẹ bó ṣe wù ọ́."

"Kò burú, ẹ̀gbọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ sọ fún àwọn èèyàn yín o."

"Màá sọ fún wọn."

Lọ́jọ́ Ẹtì, ààrẹ bèèrè pé ta ló gbà kí ọkọ̀ kúrò. Régis nawọ́, ó ní, "Ti Maryvonne Lecacheux nìyí." Ààrẹ bèèrè pé ta ni kò gbà, ó na tirẹ̀. Ọwọ́ kan ṣoṣo ni wọ́n fi ju àwọn tó ń gbèjà ọkọ̀ lọ. Àwọn ará Bas-Hamel tó jókòó sẹ́yìn rí gbogbo rẹ̀, wọ́n sì túmọ̀ rẹ̀ bó ṣe bá ọkàn wọn mu: Régis fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ojú ayé, ó fi ọwọ́ aláìsàn wá ojúure ààrẹ.

Nínú ilé Maryvonne, Ginette gbọ́n aṣọ ìkélẹ̀kùn. "Ó tiẹ̀ wá bá mi nílé lánàá, aláìnítìjú. Ó ní tí ọkọ̀ bá lọ, òun á máa fi mọ́tò òun gbé mi gba orí afárá lọ sọ́dọ̀ Lucien."

Lucien ni ọkọ rẹ̀. Ilé àwọn arúgbó tó wà ní òdìkejì odò ló ń gbé, ọbẹ̀ kì í sì í wọ ẹnu rẹ̀ láti ọwọ́ ẹlòmíràn. Lọ́sàn-án gbogbo ni Ginette ń bá ọkọ̀ odò sọdá lọ bọ́ ọ. Afárá jìnnà, kò sì mọ mọ́tò wà.

"Kí lẹ wá sọ fún un?"

"Mo ní kí n kú kí n tó jókòó ti olè."

"Lucien ńkọ́, Màmá?"

Ginette wo ojú fèrèsé. Ní àkókò yẹn lọ́dún, tó bá di ìrọ̀lẹ́, odò náà a máa ní àwọ̀ kọfí tí wọ́n bu wàrà sí, ẹni tó bá ti wò ó nígbà èwe kò lè rí omi mìíràn kó má rántí rẹ̀. "Jẹun, ọmọ mi," ló sọ níkẹyìn, "kó tó tutù."

Maryvonne la ẹnu láti jẹ́wọ́. Ìrẹsì ló fi dí i. Ó jẹ ẹ́ títí ó fi kan ìdí àwo, kò sì mọ adùn rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì ó rọra rìn lọ bá Régis nínú ọgbà ápù rẹ̀. "Kí ló dé tí o ò sọ fún wọn?"

"Ẹ̀yin lẹ ní ẹ máa sọ."

"Wọ́n ń pè ọ́ lólè, Régis."

"Mo gbọ́. Ìyàwó mi lọ ra búrẹ́dì, wọ́n ní ó ti tán. Búrẹ́dì sì tò sẹ́yìn wọn bí igi ìdáná." Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò dé ojú. "Fọ́tò kan la jọ wà, ẹ̀gbọ́n. Tí mo bá ya orí yín kúrò, tèmi náà á ya."

Ìbá sàn kó bú u. Ó padà sílé pẹ̀lú ojú kan tí bándéèjì bò àti èkejì tí kò rí ibi tí yóò gbé wò.

Lọ́jọ́ Àìkú tí ọkọ̀ náà sọdá kẹ́yìn, wọ́n fi òdòdó so irin rẹ̀ yíká, wọ́n gbé ọtí ápù wá. Anselme tó ń tu ọkọ̀ wọ aṣọ tó fi gbéyàwó, bọ́tìnnì rẹ̀ kò sì pa dé mọ́. Àṣà àtijọ́ kan wà níbẹ̀: ọkọ̀ kì í ṣí títí ẹni tó wọlé kẹ́yìn yóò fi nawọ́ sókè, pé òun ò fi ẹnikẹ́ni sílẹ̀ lẹ́yìn. Wọ́n ní Maryvonne ni kó nawọ́ lọ́jọ́ náà, nítorí ìyà tí Régis fi jẹ ẹ́.

Bí gbogbo èèyàn ti wọlé tán, Régis ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀ dé èbúté.

"Ọlọ́wọ́ méjì ti dé o!" ẹnì kan kígbe. "Anselme, ka ọwọ́ rẹ̀ wò kó tó wọlé, kó má lọ jẹ́ pé tìrẹ ló gbé dání!"

Ẹ̀rín sọ. Régis dúró sí etí omi, ó di kẹ̀kẹ́ rẹ̀ mú, kò sún mọ́ wọn, kò sì padà.

"Ó yá, Màdáámù Lecacheux," Anselme wí. "Ẹ bá wa nawọ́."

Maryvonne wo iwájú ọkọ̀. Ginette jókòó síbẹ̀, ó gbé fúláàsì ọbẹ̀ Lucien lé itan bí ọmọ ọwọ́. Ọ̀la ńkọ́? Ta ni yóò gbé fúláàsì yẹn sọdá lọ́la?

Ọwọ́ rẹ̀ kò gòkè. "Ó ku ẹnì kan lẹ́yìn," ló wí.

"Ta ni?"

"Régis."

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí hó. "Ẹ jẹ́ kó lúwẹ̀ẹ́!"

"Èmi ni mo rán an!" Ohùn rẹ̀ ga ju bó ṣe fẹ́ lọ. "Ọwọ́ tó nà lọ́jọ́ Ẹtì, èmi ni mo ní kó nà án bẹ́ẹ̀. Òun ò tilẹ̀ fẹ́. Mo ní ilé-ẹ̀kọ́ ni kí wọ́n tún ṣe, mo sì ṣì ní bẹ́ẹ̀. Ojú mi tí ẹ̀ ń káàánú fún, dókítà ní kí n mú Ajé tàbí Ẹtì. Èmi ni mo mú Ẹtì, kí ẹ má baà rí mi."

Anselme bọ́ fìlà rẹ̀, ó tún un dé. "Ẹ ò lè sọ fún wa kí ẹ tó dìbò?"

"Mi ò lè sọ ọ́."

Ginette dìde. Ó kọjá lára Maryvonne láì wò ó, ó sọ̀ kalẹ̀ sí etí omi, fúláàsì lọ́wọ́ rẹ̀.

"Mọ́tò rẹ yẹn," ó wí fún Régis, "ṣé ó ń ṣiṣẹ́?"

"Ó ń ṣiṣẹ́, Màmá."

"Lọ́la, kó o tètè dé. Lucien ò fẹ́ràn ọbẹ̀ tútù. Gbé kẹ̀kẹ́ rẹ wọlé, o ò rí i pé wọ́n ń dúró dè ọ́?"

Nígbà tí ó ń padà lọ síbi ìjókòó rẹ̀, ó dúró níwájú Maryvonne.

"Àwo ìyá mi."

"Mo ti fọ̀ ọ́, Màmá. Màá ní kí ọmọ Anselme..."

"Má rán ẹnikẹ́ni," Ginette wí. "Ìwọ fúnra rẹ ni kó o gbé e wá."

Kò sí ẹni tó kù lẹ́yìn mọ́. Maryvonne na ọwọ́ rẹ̀ sókè. Ẹnikẹ́ni kò pàtẹ́wọ́. Ọkọ̀ sì ṣí.