Ilé Ìdáná Inú Ọkọ̀ Ojúsánmà

Tábìlì ìjẹun kò wúlò fún oúnjẹ mọ́ nílé Rótìmí Ọmọ́jọlá ní Lanham, ní Amẹ́ríkà. Láti ìgbà òtútù ni ọkọ̀ ojúsánmà ti gba orí rẹ̀ láti etí kan dé èkejì. Kì í ṣe ọkọ̀ gidi o. Irú èyí tí wọ́n ń tà nínú páálí ni, ike wẹ́wẹ́ rẹpẹtẹ tí àgbàlagbà ọkùnrin yóò jókòó gé, tí yóò fi gọ́ọ̀mù lẹ̀, tí yóò kùn lọ́dà, kí ó tó di irú ọkọ̀ tí wọ́n fi ń lọ sáàrin ìràwọ̀ nínú fíìmù. Níkẹ́ ìyàwó rẹ̀, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, ti bẹ̀ ẹ́, ó sì ti bú u. Ó ní odidi ẹnjiníà, tó ń ṣiṣẹ́ fún ìjọba ìbílẹ̀ ibẹ̀, tí wọ́n ń pè ní bàbá ìjọ, òun ló jókòó ti nǹkan ìṣeré ọmọdé. Orí itan ni tọkọtaya náà ti ń jẹun láti ìgbà yẹn.

Ṣùgbọ́n lọ́sẹ̀ yìí, Níkẹ́ kò bú ọkọ̀ náà rárá. Ó ń rìn yí i ká jẹ́jẹ́. Ó tilẹ̀ bi ọkọ rẹ̀ bóyá ọ̀dà rẹ̀ ti gbẹ. Ẹni tó bá mọ Níkẹ́ dáadáa, ìyẹn nìkan ti tó kí àyà rẹ̀ já.

Fọláhàn, àbúrò Rótìmí, ló kú ní Ìbàdàn lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Ó ṣubú níwájú àwọn ọmọ tó ń kọ́ ní kíláàsì, kò dìde mọ́. Àwọn ará ilé pe Níkẹ́, wọ́n ní kó má tíì jẹ́ kí ọkọ rẹ̀ gbọ́, nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru tó ń bá a jà, àfi tí àwọn àgbà bá jókòó tì í. Bàbá Gbádégẹṣin, tó jẹ́ àgbà fún gbogbo ọmọ Yorùbá inú ìjọ wọn, sì wà ní Texas lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀, Sátidé ló ń bọ̀. Ó di kí ọ̀rọ̀ dúró di Sátidé. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń ṣe é. Ta ni yóò tú irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sí ènìyàn létí lórí fóònù? Níkẹ́ dọ́gbọ́n gba fóònù ọkọ rẹ̀, ó yọ ọ́ kúrò nínú ẹgbẹ́ ẹbí lórí Wásáàpù, ó wá ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì Nàìjíríà ni kò dára.

Ohun tí Níkẹ́ kò mọ̀ ni pé Rótìmí ti mọ̀. Àárọ̀ Ọjọ́rú ló mọ̀, lórí ìkúnlẹ̀ àdúrà.

Àdúrà òwúrọ̀ ilé wọn kì í yí padà. Níkẹ́ ló máa ń gbà á tó bá ti ibi iṣẹ́ òru dé, a sì máa dárúkọ gbogbo ènìyàn wọn lọ́kọ̀ọ̀kan fún ẹ̀mí gígùn: Déolú ọmọ wọn tó wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, ìyá Níkẹ́ ní Ọ̀yọ́, Fọláhàn, ìyàwó Fọláhàn àtàwọn ọmọ. Lọ́jọ́ yẹn, ó dárúkọ Déolú, ó dárúkọ ìyá rẹ̀. Nígbà tó dé ibi tí Fọláhàn máa ń wà, ohùn rẹ̀ fà díẹ̀, ó sì bọ́ sórí ìyàwó àtàwọn ọmọ, ó ní kí Ọlọ́run má fi wọ́n sílẹ̀. Rótìmí ṣe Àmín. Ó dìde, ó gbọn orúnkún rẹ̀, ó lọ yan búrẹ́dì.

Kò sunkún. Ó dúró de ẹkún, ẹkún kò wá. Inú rẹ̀ rí bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ tí dókítà eyín gún lábẹ́rẹ́, tó jẹ́ pé bí ènìyàn bá gbá a, kò ní mọ̀ ọ́n lára. Ó lọ síbi iṣẹ́, ó bọ̀, ó jókòó ti ọkọ̀ rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, Níkẹ́ tún fo orúkọ náà, òun náà tún ṣe Àmín.

Kò bi í léèrè nǹkan kan. Tó bá bi í, àfi kí obìnrin náà purọ́ tàbí kó sọ òótọ́. Tó bá sì sọ òótọ́, ilé yóò kún, wọ́n á gbé ọkọ̀ lọ sí bésímẹ́ǹtì lábẹ́ ilé, wọ́n á to àga. Rótìmí mọ ara rẹ̀. Bí ọkọ̀ yẹn bá kúrò lórí tábìlì láì tíì tàn, òun kò tún ní fọwọ́ kàn án mọ́ láéláé.

Kí ó tàn yẹn gan-an ni gbogbo ọ̀rọ̀. Bí wọ́n ṣe tà á nínú páálí, kò ní iná. Fọláhàn, tó ń kọ́ àwọn ọmọ níṣẹ́ iná mànàmáná, ló ní ọkọ̀ tó ń lọ jìnnà tó bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ lọ nínú òkùnkùn. Gbogbo ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi ni tẹ̀gbọ́n tàbúrò fi ń wo ara wọn lójú fóònù, tí wọ́n ń tún ọkọ̀ ọlọ́kọ̀ ṣe. Fọláhàn ní kí wọ́n gé ìbọn ìdí rẹ̀ sọnù. Rótìmí gé e, ó fi agolo sàdíìnì àti ẹ̀yà ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tó ti bàjẹ́ ṣe ibi ìkẹ́rù síbẹ̀. Fọláhàn ní kó la ojú gbogbo fèrèsé. Rótìmí fi irin tó tín-ín-rín bí irun lu wọ́n títí ojú tirẹ̀ fi ń ṣe bàìbàì. Ó kun inú ọkọ̀ ní dúdú, kí iná má baà máa yọ lára ike níbi tí kò sí fèrèsé. Ìgbà tó rò pé ó parí ni Fọláhàn tún dé.

"Bọ̀dá mi, níbo ni wọ́n ti ń dáná?"

"Dáná kẹ̀? Inú space? Wọ́n ń gbé hóró oògùn mì ni."

"Irọ́ ni. Ta ló fẹ́ máa gbé oògùn mì títí ọjọ́ ayé? Ẹ ṣe kitchen síbẹ̀ jàre. Mo máa fún un ní iná tiẹ̀."

Rótìmí fi í ṣe yẹ̀yẹ́ dáadáa, ó sì la fèrèsé kan sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi ìkẹ́rù. Fọláhàn ní òun ti ń fi òjé jó àwọn wáyà iná ọkọ̀ náà pọ̀, òun yóò fi rán Ìtùnú, ọmọ ìjọ Rótìmí tó lọ kí àwọn òbí rẹ̀ ní Ìbàdàn.

Ìtùnú yìí ni Rótìmí pàdé lọ́jọ́ Ẹtì, ní ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta oúnjẹ ilé. Bí ọmọbìnrin náà ṣe rí i ló kúnlẹ̀ gbàjà láàrin àwọn kèègì epo pupa, ẹni tó jẹ́ pé ọwọ́ lásán ló máa ń jù sí i láti inú mọ́tò.

"Ẹ káàsán sir. Ẹ pẹ̀lẹ́ sir. Ẹ... ẹ káàsán sir."

"Ìtùnú, o ti dé! Báwo ni flight?"

"Fine sir. Mo ti drop package yín fún Mummy on Wednesday. Ṣé wọn ò tíì..." Ó gbé ọwọ́ bo ẹnu. "Sir, mo park síbi tí wọ́n lè ti tow mi. Ẹ má bínú sir."

Ó gbé apẹ̀rẹ̀ ọjà rẹ̀ sílẹ̀ síbẹ̀, ó sá jáde. Rótìmí mú iṣu tirẹ̀ lọ sílé. Ó ti yé e pé wáyà náà ti wọlé, pé Níkẹ́ ló gbé e pa mọ́, kò sì bínú sí i. Báwo ni Níkẹ́ ì bá ṣe gbé iṣẹ́ ọwọ́ Fọláhàn lé òun lọ́wọ́, kí òun wá ní òun fẹ́ pe Fọláhàn láti dúpẹ́?

Nígbà tó di Sátidé, Níkẹ́ gbá ilé, ó nù ún, ó to àga yí tábìlì ká.

"Dádì Déolú, Bàbá Gbádégẹṣin ń bọ̀ tó bá di ọ̀sán. Wọ́n ní àwọn kàn fẹ́ kí wa ni."

"Ó dáa."

"Ẹ ò ní láti gbé e kúrò." Ó nawọ́ sí ọkọ̀ náà. "Àyè á gbà wá."

Rótìmí wo ọkọ̀ náà. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì ṣì wà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, wọ́n ń dúró de gọ́ọ̀mù, inú wọn dúdú, ó ṣófo. Ó fẹ́ béèrè wáyà Fọláhàn. Kò mọ bí ènìyàn ṣe ń béèrè irú nǹkan bẹ́ẹ̀.

"Wá ká gbàdúrà kí wọ́n tó dé," ló sọ níkẹyìn. "Èmi ni mo máa gbà á."

Wọ́n kúnlẹ̀. Ó dárúkọ Déolú. Ó dárúkọ ìyá Níkẹ́ ní Ọ̀yọ́. Ó dé ibi tí Fọláhàn máa ń wà, ó sì dúró. Tó bá pè é, ó ti purọ́ níwájú Ọlọ́run. Tó bá fò ó, òun fúnra rẹ̀ ló sin àbúrò rẹ̀ yẹn. Fíríìjì ń kùn nínú ilé ìdáná.

"Ìyàwó Fọláhàn," ni Rótìmí wí, "àtàwọn ọmọ rẹ̀. Olúwa, má fi wọ́n sílẹ̀."

Níkẹ́ kò ṣe Àmín.

"Ìgbà wo lẹ ti mọ̀?" ló béèrè, ojú rẹ̀ ṣì wà ní dídì.

"Ọjọ́rú."

"Ta ló sọ fún yín? Ìtùnú ni, àbí? Mo warn ọmọ yẹn!"

"Ìwọ ni. O fo orúkọ rẹ̀."

Níkẹ́ fi ìdí jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. "Mo lè purọ́ fún yín," ó wí. "Tórí BP yín, mo lè purọ́ fún yín títí di Christmas. Ṣùgbọ́n kí n máa bẹ Ọlọ́run pé kó fún un ní ẹ̀mí gígùn... Ẹnu mi ò gbà á."

Ó bú sẹ́kún. Rótìmí ń rọra lù ú léjìká, ó ń jowú ẹkún rẹ̀. Nígbà tó ṣe, obìnrin náà nu imú, ó mú kọ́kọ́rọ́ mọ́tò, ó jáde. Rótìmí gbọ́ nígbà tó ṣí búùtù. Ó gbé nǹkan kan wọlé tí wọ́n fi ọ̀rá dúdú wé, ó gbé e kalẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ náà.

Wáyà ló wà nínú rẹ̀, Fọláhàn dì wọ́n ní ìdì ìdì, iná orí wọn kò ju hóró ọkà bàbà lọ. Funfun ni gbogbo wọn àyàfi ẹyọ kan, tí Fọláhàn fi ọ̀dà èékánná ìyàwó rẹ̀ kùn. Ọ̀dà náà tiẹ̀ kán sára wáyà. Rótìmí kò wò ó pẹ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tò wọ́n sínú ọkọ̀ náà. Ibẹ̀ ló wà tí agogo ẹnu ọ̀nà fi dún.

Bàbá Gbádégẹṣin ló dé, pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀ àti àgbà ìjọ kan. Rótìmí gbọ́ tí Níkẹ́ ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ lẹ́nu ọ̀nà.

"Wọ́n ti mọ̀ sà."

"Wọn ò tíì mọ̀," ni Bàbá dá a lóhùn. "A ò tíì sọ fún wọn."

Rótìmí dọ̀bálẹ̀ fún wọn. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ fún mi láyè díẹ̀. Mo fẹ́ pa á dé."

Bàbá wo ọkọ̀, ó wo ojú Rótìmí, ó fa àga. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn àgbà mẹ́ta ṣe jókòó yí ọkọ̀ ojúsánmà ká pẹ̀lú aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì lọ́rùn, wọ́n ká ọwọ́ lé itan bí ẹni tó ń retí oúnjẹ. Rótìmí ti iná tó gbẹ̀yìn sí àyè rẹ̀, ó fi gọ́ọ̀mù sí etí ike, ó fún ẹ̀gbẹ́ méjèèjì mọ́ra, ó dì í mú títí ó fi gbẹ. Ó ní kí Níkẹ́ bá òun fa kọ́tìnì. Ó tẹ iná.

Gbogbo fèrèsé ọkọ̀ náà tàn, funfun báláú, láti orí dé ìdí. Iná kankan kò yọ níbi tí kò yẹ. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi ìkẹ́rù, ẹyọ kan ń pọ́n bí ẹyin iná.

"Ó mà dára o," ni Bàbá Gbádégẹṣin wí. "Èyí tó pupa yẹn ńkọ́? Ṣé ó ti bàjẹ́ ni?"

"Rárá sà. Kitchen ni."

"Kitchen? Ta ló wá ń dáná níbẹ̀?"

Rótìmí la ẹnu, ó fẹ́ sọ pé kò sí ẹnì kankan.

"Fọláhàn ni sà," ló wí.

Láti Ọjọ́rú, kò tíì pe orúkọ náà bí orúkọ ẹni tó wà níbì kan. Ó di etí tábìlì mú. Ó dun ún, ó dun ún gan-an, gbogbo ìrora ọ̀sẹ̀ náà dé lẹ́ẹ̀kan náà, ó sì ké bí ọmọdé lójú àwọn àgbà. Bàbá Gbádégẹṣin yọ fìlà. Ó dúró títí Rótìmí fi lè mí, ó fa àga rẹ̀ súnmọ́ ọn, ó di ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mú pẹ̀lú gọ́ọ̀mù tó wà lára wọn.

"Olúrótìmí," ó wí, "ọmọ mi, a ní ọ̀rọ̀ kan tí a fẹ́ bá ọ sọ."

Ó sọ ọ́ fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, bó ṣe yẹ kí àgbà sọ ọ́, Rótìmí sì gbọ́ ọ bí ẹni tí kò gbọ́ ọ rí.