Ajá Tí Godwin Fi Sílẹ̀

Kí ọ̀sẹ̀ tí wọ́n sin Lucy tó parí, ṣéènì ajá ti tán pátápátá nínú ṣọ́ọ̀bù Mùsbáù. Àwọn tó ti ń sin ajá láti ọjọ́ pípẹ́, tí wọn ò fi okùn kankan sí i lọ́rùn rí, wá tò sẹ́yìn ara wọn níwájú ṣọ́ọ̀bù náà ní Ekpan, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Warri. Wọ́n ń bèèrè ṣéènì, wọ́n ń bèèrè àgádágodo, wọ́n ń bèèrè wáyà. Ẹnì kan gba Mùsbáù nímọ̀ràn pé kó fowó lé ọjà, gbogbo Ekpan ló máa rà á.

Mùsbáù ní, "N ò ní fi òkú Lucy pawó."

Lọ́dún náà, 2003, ìjà ti tú Warri ká. Wọ́n ti jó ilé níhìn-ín, wọ́n ti jó ilé lọ́hùn-ún, àwọn tí wọ́n jó ilé wọn sì ti sá pẹ̀lú ohun tí ọwọ́ wọn lè gbé. Ewúrẹ́ tí wọ́n fi sílẹ̀ kò pẹ́ kó tó di ọbẹ̀. Adìyẹ náà lọ bẹ́ẹ̀. Àwọn kan tilẹ̀ ń jẹ ajá ní Warri, ṣùgbọ́n ajá tó ti rí iná tó sì ti gbọ́ ìbọn kì í jẹ́ kí èèyàn sún mọ́ òun. Àwọn ajá náà kó ara wọn jọ sínú àwọn ilé jíjó lẹ́yìn títì, ebi ń pa wọ́n, kò sẹ́ni tó ń pè wọ́n lórúkọ mọ́. Ní Ijala ni àwọn ajá náà ti kọ́kọ́ pa bàbá àgbàlagbà kan tó lọ wo oko ẹ̀gẹ́ rẹ̀. Àwọn èèyàn kẹ́dùn, wọ́n ní bàbá ti darúgbó, kò lè sáré. Lẹ́yìn náà ló kan Lucy.

Ta ni kò mọ Lucy ní Ekpan? Òun ló ń di irun fún ìyá àti ọmọ. Bó bá ń di irun, ẹnu rẹ̀ kò ní dákẹ́, ẹni tó bá jókòó síwájú rẹ̀ á rẹ́rìn-ín títí orí á fi máa mì, Lucy á sì fi ìyarun gbá a lórí pé, "Stay one place!" Ọ̀rẹ́ Sàlíhátù, ìyàwó Mùsbáù, ni. Láàárọ̀ ọjọ́ tó kú, kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, ó jáde lọ wọ mọ́tò lọ sí Orhuwhorun, ó fẹ́ lọ di irun fún ìyàwó tuntun. Ibi ilé jíjó ló gbà kọjá. Kò dé ibi tó ń lọ.

Nígbà tí àwọn obìnrin wọ́ lọ sí ọ́fíìsì káńsù, tí wọ́n mú ewé tútù lọ́wọ́, tí wọ́n ń kọrin arò, gbogbo àwọn ọmọbìnrin tí Lucy máa ń di irun fún tú irun wọn sílẹ̀ wúruwùru, wọ́n rìn bẹ́ẹ̀ gba ojú títì kọjá. Ameerah, ọmọ Sàlíhátù, nìkan ni kò tú tirẹ̀. Ó fi ọwọ́ méjèèjì bo orí. "Na Aunty Lucy last hand be this," ló wí fún ìyá rẹ̀.

Àwọn ará káńsù ní àwọn gbọ́, wọ́n ní kí kálukú gba abẹ́rẹ́ dìgbòlugi fún ajá rẹ̀, kí wọ́n sì máa so ó. Ṣùgbọ́n ẹ̀dùn kò jẹ́ kí àdúgbò dúró lórí ìyẹn. Festus, olórí àwọn ẹ̀ṣọ́ àdúgbò, kéde pé ní ọjọ́ Sátidé, ẹni tó bá ní ajá kó fi ọwọ́ ara rẹ̀ fà á wá sí pápá ilé-ẹ̀kọ́. Kó sọ níwájú ìyá Lucy pé tòun ni, kí ẹlẹ́rìí sì sọ ibi tí ajá náà sùn láàárọ̀ ọjọ́ tí Lucy kú. Ajá tí kò bá ní olówó tàbí tí kò ní ẹlẹ́rìí, ìbọn ni.

Sàlíhátù gbọ́ ìkéde náà, inú rẹ̀ dùn. Ìgbà tó dé ẹnu géètì ilé tó rí Sójà tó na ara sílẹ̀ níbẹ̀ ni ara rẹ̀ tó tutù.

Ajá Godwin ni Sójà. Godwin ni aládùúgbò wọn, òun ló kó aya àtọmọ rẹ̀ lọ sí Sàpẹ́lẹ̀ nígbà tí iná ń bọ̀. Ọjọ́ tó ń lọ, ó dúró ti ọmọlanke ẹrù rẹ̀, ó ní, "Alhaji, house fit burn, I go build another one. Na only Sójà I beg you." Mùsbáù kò tíì fojú kan Mẹ́kà rí, àmọ́ ní Warri, ẹni tó bá ti dé fìlà funfun, Alhaji ni. Ó dáhùn pé òun gbọ́. Ọ̀rọ̀ náà sì di àmánà, ẹrù ìfọkàntán, lọ́rùn rẹ̀.

Ìṣòro ibẹ̀ ni pé Mùsbáù, ọmọ Ìsẹ́yìn tí wọ́n fi kéú tọ́, kì í fọwọ́ kan ajá. Ó la táyà sí méjì, ó gbé ìlàjì rẹ̀ sẹ́yìn géètì, ṣọ́bìrì ló fi ń da oúnjẹ sí i láti òkèèrè. Bí itọ́ Sójà bá ta sí i ní ṣòkòtò, ó di dandan kó pààrọ̀ aṣọ. Ó ní málàíkà kì í wọ ilé tí ajá bá wà. Oúnjẹ kò wọ́n Sójà, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó so ó, kò sì sẹ́ni tó ṣílẹ̀kùn fún un.

Bẹ́ẹ̀ ni Mùsbáù ṣe rò ó.

Ọ̀sán gangan kan ni ìbọn dún láti ìhà odò. Mùsbáù wà ní ṣọ́ọ̀bù. Sàlíhátù gbọ́ tí nǹkan ń ha ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, Ameerah sì yọjú wò ó. "Mama, e dey shake like generator." Godwin ló sọ ọ́ ní Sójà, ṣùgbọ́n sójà yìí ò fẹ́ gbọ́ ìró ìbọn. Sàlíhátù ṣílẹ̀kùn. Ajá náà gba abẹ́ ọwọ́ rẹ̀ wọ ilé ìdáná ẹ̀yìnkùlé, ó wọ abẹ́ tábìlì, ó ki imú bọ àárín ẹsẹ̀ rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, ìgbàkígbà tí ìbọn bá ti dún, abẹ́ tábìlì ni. Bó bá di pé ó sùn síbẹ̀, Sàlíhátù á ti ilẹ̀kùn pa títí ọkọ rẹ̀ á fi ṣe àlùwàlá tán, tí á lọ kírun àsùbáà ní mọ́sálásí. Kó tó dé, ajá á ti wà níta, á na ara sílẹ̀ bí ẹni pé ibẹ̀ ló ti jí.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí Lucy kú, inú ilé ìdáná ni Sójà wà. Sàlíhátù mọ̀ bó ṣe mọ orúkọ ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, kò lè wo ojú ajá náà mọ́. Ìgbálẹ̀ ló fi ń lé e.

Ní alẹ́ ọjọ́ Jímọ̀, bí wọ́n ti ń jẹun lọ́wọ́, ó ní, "Bàbá Ameerah, ẹ má lọ síbẹ̀ lọ́la o."

"Ta ni kó wá lọ? Ṣé kí n ránṣẹ́ pe Godwin láti Sàpẹ́lẹ̀, kí wọ́n yìnbọn fún un lọ́nà?"

"Ajá ni. Ẹ jẹ́ kí wọ́n pa á. Ẹ̀yin gan-an, ìgbà wo lẹ fọwọ́ kàn án rí?"

"Ọwọ́ kọ́ ni mo fi gba àmánà, Sàlíhátù. Ẹnu ni."

"Ajá ló pa Lucy!"

"Mo mọ̀." Ó ti àwo ẹ̀bà sẹ́yìn. "Gbogbo ìgbà tí mo bá da oúnjẹ sí táyà yẹn ni mò ń rántí. Mo tún ń dà á. Kí ni kí n ṣe?"

Sàlíhátù fẹ́ sọ ọ́ nígbà náà. Ó ti ya ẹnu. Ó rántí ìkòkò tó wà níbi tí ajá ń sùn sí, ó rántí ẹní ìkírun tí wọ́n máa ń tẹ́ síwájú ilé ìdáná, ó sì pa ẹnu dé. Ìyẹn kọ́ nìkan ló sì dè é lẹ́nu. Ọkàn rẹ̀ ń fẹ́ kí ajá kan kú nítorí Lucy, ajá èyíkéyìí.

Nígbà tó di ọjọ́ kejì, pápá kún. Wọ́n gbé àga kan fún ìyá Lucy níwájú, ó wọ dúdú, Sàlíhátù jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú. Àwọn olówó ajá ń wá lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń jẹ́rìí, wọ́n ń lọ. Mùsbáù ló dé gbẹ̀yìn. Ó ti fi ọ̀rá dúdú wé ọwọ́ rẹ̀ títí dé ìgúnpá, ó na apá síwájú, okùn Sójà wà ní ṣóńṣó ìka rẹ̀.

Ẹnì kan kígbe láti ẹ̀yìn: "Alhaji, na dog you hold o, no be bomb!"

Ẹ̀rín bú jáde. Ó tó ọjọ́ mélòó kan tí Ekpan ti rẹ́rìn-ín kẹ́yìn. Festus pàápàá fi ọwọ́ bo ẹnu kó tó bèèrè ọ̀rọ̀.

"Alhaji, ṣé tìẹ ni ajá yìí?"

"Godwin ló fi sí mi lọ́wọ́. Tèmi ni báyìí."

"Níbo ló sùn láàárọ̀ ọjọ́ yẹn?"

Mùsbáù ní, "N ò mọ̀."

Festus rẹ ohùn sílẹ̀, ó fẹ́ ràn án lọ́wọ́. "Alhaji, just talk say e dey your gate."

"N ò rí i. N kì í jẹ́ kó wọlé. Ìgbà tí mo ń ti mọ́sálásí bọ̀ ni mo bá a ní ẹnu géètì. Ibi tó ti wá kó tó débẹ̀, Ọlọ́run ló mọ̀ ọ́n."

Ọkùnrin kan ní, "Shoot am." Ẹlòmíràn gbà á lẹ́nu rẹ̀. Festus mi orí bí ẹni tí ọ̀rọ̀ kò wù, ó pe ọlọ́dẹ tó ń di ìbọn mú lábẹ́ igi. Sójà rí ìbọn náà. Ó fà sẹ́yìn, ó ń gbọ̀n, ó sì lọ jókòó lé ẹsẹ̀ Mùsbáù, ó gbé àgbọ̀n rẹ̀ lé ṣòkòtò funfun náà. Sàlíhátù ń wo ẹsẹ̀ ọkọ rẹ̀. Mùsbáù kò yẹ̀ ẹ́.

Ìgbà yẹn ni Sàlíhátù dìde.

"Inú ilé ìdáná mi ló sùn sí," ló wí.

Gbogbo ojú yí sí i. Ti Mùsbáù ló ṣòro jù láti wò, nítorí náà kò wò ó. Ó sọ gbogbo rẹ̀ ní Pijin, kí ìyá Lucy lè gbọ́ ọ: ìbọn tó dún ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, abẹ́ tábìlì, ilẹ̀kùn tó tì pa. "Nígbà tí wọ́n kígbe pé Lucy ni, mo fẹ́ sáré jáde, ara ajá yìí ló dí ilẹ̀kùn. Èmi ni mo tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí n tó lè jáde."

Ìyá Lucy rọra fa ọwọ́ rẹ̀ kúrò lọ́wọ́ Sàlíhátù.

"Mama Ameerah, look my face. Bó bá jẹ́ nítorí ọkọ rẹ lo ṣe ń parọ́, Lucy lo tún pa lẹ́ẹ̀kejì."

"Màmá, ì bá wù mí kó jẹ́ òun ni." Omijé ti dé ojú Sàlíhátù. "Ì bá wù mí gan-an, kí n rí nǹkan kan tí n ó bínú sí. Òun kọ́ ni."

Obìnrin náà wò ó pẹ́. Ó wo ajá, ó sì gbé ojú kúrò lára rẹ̀ kíá bí ẹni tí ẹ̀fín kó sí lójú.

"Make dem tie am," ló wí níkẹyìn, ó sì kọjú sí Festus. "Kí wọ́n so ó, kí wọ́n gún un lábẹ́rẹ́, kó má gba iwájú ilé mi kọjá láéláé. Àwọn tó wà nínú ilé jíjó yẹn, ẹ lọ parí wọn, ẹ má tún ṣe ìpàdé kankan lórí ẹ̀. Ajá kò gbọdọ̀ dá rìn ní Ekpan mọ́. Ajá olówó o, ajá tálákà o."

"Àmín," ni àwọn obìnrin wí, bí ìgbà tí wọ́n gbàdúrà. Sàlíhátù wí i pẹ̀lú wọn, tọkàntọkàn.

Mùsbáù àti Sàlíhátù ń rìn padà sílé. Ọ̀rá ọwọ́ Mùsbáù ti ya, okùn ti kan ara rẹ̀, kò tíì kíyè sí i.

"Láti ìgbà wo?"

"Láti ìgbà tí ìbọn àkọ́kọ́ ti dún."

"Nínú ilé ìdáná tí mò ń kọjú sí ṣe àlùwàlá."

"Mo máa ń fọ ilẹ̀ ibẹ̀. Mo máa ń fọ ìkòkò lẹ́ẹ̀méje, bí ẹ̀sìn ṣe ní."

"Abájọ tí ọṣẹ ilé wa fi ń tán bí ẹni ń fi jẹ ẹ̀kọ!"

Sàlíhátù fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rù bà á. "Ẹ ń bínú?"

"Mò ń bínú." Ó rìn díẹ̀ sí i. "O ò bá ti sọ fún mi."

"Ẹ̀ bá ti lé e jáde."

Ó rò ó. Kò fẹ́ gbà, ṣùgbọ́n Mùsbáù kì í parọ́, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ìyẹn kó ara rẹ̀ sí wàhálà ní pápá. "Ǹ bá ti lé e jáde," ló wí. "Ìbọn á dún, á sì sáré lọ bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilé jíjó."

Ní ẹnu géètì, ó ṣí i gbayawu, ó sì yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Ó yá, wọlé."

Sójà jókòó. Ó ń wò ó bí ẹni tí wọ́n ti fi irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ tàn jẹ rí.

"Kí lo máa ń sọ fún un tó fi ń wọlé?" Mùsbáù bi ìyàwó rẹ̀.

"Kò sí nǹkan kan."

Ameerah ti sáré jáde láti inú ilé. "Daddy, Mama dey call am 'ọkọ mi'!"

"Ọkọ ta ni?"

Sàlíhátù fi híjáàbù bo ojú. Ẹ̀rín tó ti ń dì mọ́ra bọ̀ láti pápá já mọ́ ọn lẹ́nu. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ẹkún, ó sunkún díẹ̀, Mùsbáù dúró tì í, ó ń dúró dè é, okùn ajá wà lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí Sàlíhátù nu ojú tán, ó bẹ̀rẹ̀, ó sì rẹ ohùn sílẹ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́.

"Ọkọ mi, wọlé."

Sójà dìde, ó gbọn ara, itọ́ ta sí Mùsbáù láti òkè délẹ̀. Mùsbáù wo ṣòkòtò ara rẹ̀, ó mi orí, ó sì tẹ̀ lé e wọlé.