Télọ̀ Tó Fẹ́ Gba Òdo

Ọ̀nà méjì ni àwọn dókítà wa ń gbà yọ ẹ̀jẹ̀ tó dì sínú ọpọlọ ẹni tí rọpárọsẹ̀ bá kọlù. Méjèèjì gba itan wọlé. Àwọn kan á ti rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ gba inú iṣan lọ sókè, wọ́n á sì fa ẹ̀jẹ̀ náà jáde bí ọmọdé ṣe ń fi sitiró fa omi ọsàn. Àwọn kejì, àwọ̀n wáyà kékeré ni wọ́n ń rán lọ há a mú, kí wọ́n tó fà á jáde. Onírọ́bà ní ti rọ́bà ló dára jù, aláwọ̀n ní irọ́ ni. Ọdún méjì ni wọ́n fi jiyàn kí ọ̀gá àgbà ilé ìwòsàn wa tó ní kí wọ́n lọ ka iye aláìsàn tí ọ̀nà kọ̀ọ̀kan wò sàn.

Èmi nọ́ọ̀sì ni wọ́n ní kí n kà á. Bí ó bá pé àádọ́rùn-ún ọjọ́ tí wọ́n ti yọ ẹ̀jẹ̀ náà fún aláìsàn, màá lọ bá a nílé, màá bi í ní ìbéèrè, màá fún un ní máàkì láti òdo dé márùn-ún. Ibi iṣẹ́ wa nìkan ni mo mọ̀ tí ènìyàn ti ń gba òdo tí ẹbí ń yọ̀. Òdo túmọ̀ sí pé ara ti pé, a ó sì ti fáìlì ẹni náà pa. Eéjì sókè ni wọ́n ń rán lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń tọ́jú ọwọ́ àti ẹsẹ̀, oṣù mẹ́ta gbáko, lọ́fẹ̀ẹ́. N kò sì gbọdọ̀ mọ ọ̀nà tí wọ́n lò fún aláìsàn, kí n má baà ṣègbè.

Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ẹ kò lè béèrè àlàáfíà lọ́wọ́ ọmọlúàbí kó sọ òótọ́. "Ọwọ́ ńkọ́?" "Ọwọ́ ń bẹ, a dúpẹ́." Ogójì ènìyàn ni mo ti bẹ̀ wò. Mẹ́tàdínlógójì dúpẹ́. Àwọn mẹ́ta yòókù ti kú, ẹbí wọn ló bá wọn dúpẹ́.

Bí mo ṣe dé ṣọ́ọ̀bù télọ̀ kan tó wà lára àwọn aláìsàn náà nìyẹn. Ó wọ kóòtù, ó jókòó ti máṣíìnì rẹ̀, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ wà nínú àpò. Ìyàwó rẹ̀ ń ká aṣọ lẹ́yìn.

"Ẹ káàbọ̀, Nọ́ọ̀sì. A dúpẹ́ o."

"Bàbá, mi ò tíì béèrè nǹkan kan."

"Kí ni mo tún fẹ́ wí? Dókítà tó lo—"

Mo yára fi ìka di etí méjèèjì. "Ẹ má sọ ọ́ fún mi!"

Ìyàwó rẹ̀ wò mí bíi pé ọpọlọ tèmi ló yẹ kí wọ́n yẹ̀ wò.

Mo bi bàbá bóyá ó ń ránṣọ bíi ti tẹ́lẹ̀. Ó ní ó ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Eruku tó wà lórí máṣíìnì náà tó ẹ̀kún ṣíbí. Inú bí mi. Mo já bọ́tìnì kan lára aṣọ iṣẹ́ mi, mo gbé e síwájú rẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi rán èyí."

"Ẹ fi sílẹ̀, ẹ padà wá lọ́la."

"Màá dúró."

Ó yọ ọwọ́ ọ̀tún jáde. Ó fi ti òsì ki abẹ́rẹ́ sáàárín ìka rẹ̀. Abẹ́rẹ́ jábọ́. Ó mú un, ó tún fi í sáàárín ìka, ó tún jábọ́. Ìyàwó rẹ̀ fẹ́ bá a mú un. "Fi sílẹ̀," ni bàbá wí, ó sì wọ abẹ́ tábìlì fúnra rẹ̀, kò tètè jáde. Ojú tì mí. Kò sí ẹni tó ní kí n já bọ́tìnì.

"Nọ́ọ̀sì," ó ń sọ̀rọ̀ lábẹ́ tábìlì, "tí mo bá ní ọwọ́ ò ṣiṣẹ́, ṣé wọn ò ní sọ pé dókítà yẹn ò mọṣẹ́? Nígbà tí wọ́n gbé mi dé, orúkọ ìyàwó mi gan-an, mi ò rí i pè. Ọjọ́ kejì tí dókítà yẹn tọ́jú mi, mo pè é. Ṣé irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni kí n máa ro ẹjọ́ ọwọ́ fún?"

"Bàbá, ẹni tí wọ́n máa gbé wá lọ́la lẹ̀ ń purọ́ fún. Tí gbogbo yín bá gba òdo, a ò ní mọ èyí tó dára jù. Tí mo bá sì kọ òdo fún yín, kò sẹ́ni tó máa tọ́jú ọwọ́ yẹn mọ́."

Ó jáde, ó jókòó, ó gbé ọwọ́ náà lé orí tábìlì.

"Ẹ kọ ọ́. Kò lè di abẹ́rẹ́ mú. Kò lè di sísọ́ọ̀sì mú. Aṣọ táwọn èèyàn ń gbé wá, télọ̀ ìsàlẹ̀ ọ̀hún ló ń bá mi rán an. Ẹ̀rù ń bà mí."

Mo kọ eéjì.

Ìyàwó rẹ̀ fi aṣọ sílẹ̀. "Ṣé ẹ rò pé mi ò rí máṣíìnì yẹn ni? Àràárọ̀ ni mò ń bi yín bí ọwọ́ ṣe rí. Mò ń dúró kí ẹ sọ ọ́ fún mi ni."



"Ẹ gbé ọwọ́ yẹn wá," ni ìyàwó wí, ó fa àpótí kan, ó jókòó tì í, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rọra fa ìka rẹ̀ nà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.