Ibi Tí Jethro Ń Dúró Sí

Akínlolú mọ̀ pé òun mọ gìtá bàsì í ta. Kì í ṣe aráyé ló sọ fún un. Òun ló sọ fún aráyé, aráyé kò sì rí ìdí tí wọ́n á fi bá a jiyàn. Okùn mẹ́rin ni àwọn tó ṣáájú rẹ̀ nídìí iṣẹ́ náà fi jẹun, ṣùgbọ́n Akínlolú ní mẹ́rin kò gba ẹ̀bùn òun tán, ó ra olókùn mẹ́fà. Pákó kan máa ń wà níwájú ẹsẹ̀ rẹ̀ tó to ẹ̀rọ àfẹsẹ̀tẹ̀ mẹ́jọ sí, tí iná wẹẹrẹ ń ṣẹ́jú lára wọn. Ó mọ iṣẹ́ mẹ́ta nínú wọn. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, á ya ara rẹ̀ ní fídíò nínú ṣọ́ọ̀bù tó ti ń ta táìlì lẹ́bàá Ọjà Ọba ní Àkúrẹ́, nítorí táìlì máa ń jẹ́ kí ohùn dún, ó sì máa ń jẹ́ kí ènìyàn rí ara rẹ̀ níwájú, lẹ́yìn àti lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì.

Nígbà tí Jethro, tó ti ń ta bàsì fún Ẹgbẹ́ Eré Ìrì Òwúrọ̀ láti ọdún mọ́kàndínlógún, sun oorun ọ̀sán tí kò jí mọ́ nílé rẹ̀ ní Oǹdó, Akínlolú ni wọ́n ránṣẹ́ pè. Inú rẹ̀ dùn, àfi nígbà tó gbọ́ pé wọ́n fẹ́ fi ọdún kan gbáko dán òun wò.

Oyèbọ́lá ló sọ bẹ́ẹ̀ fún un. Òun ni olórin, òun náà ni olórí ẹgbẹ́. Láàárín ọ̀sẹ̀, iṣẹ́ ìjọba ló ń ṣe ní Alágbàká, ó sì ń darí eré bí ẹni tó ń darí fáìlì: ohun gbogbo ló ní àyè tirẹ̀.

"A ní àṣà kan," ó ní lọ́jọ́ rìhásà àkọ́kọ́, nínú gáréèjì ilé rẹ̀ ní Ijapo, ní aago mẹ́rin ọjọ́ Ìṣẹ́gun tí wọ́n máa ń pàdé. "Bí ẹnì kan bá kú nínú wa, ẹnikẹ́ni kì í dúró síbi tó ń dúró sí títí a ó fi ṣe ìrántí ọdún kan. Kọ́ńbò rẹ̀ nìyẹn. Á máa bá wa lọ sí gbogbo òde. Má ki wáyà bọ̀ ọ́. Má gbé nǹkan lé e."

Kọ́ńbò náà wà lápá ọ̀tún níwájú, àpótí dúdú ńlá tó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún gbé ohùn bàsì Jethro jáde. Wọ́n ti ká wáyà iná rẹ̀, wọ́n fi okùn ọ̀rá dè é. Aṣọ ìnura tí Jethro fi ń nu òógùn wà lórí rẹ̀, òórùn róòbù tó máa ń fi pa èjìká kò sì tíì kúrò lára aṣọ náà. Ibẹ̀ ni ibi tó dára jù lórí ìtàgé. Ẹ̀yìn pátápátá ni wọ́n fi Akínlolú sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Adélaní, àgbàlagbà tó ń lu dọ́rọ́ọ̀mù.

"Lolú, sún mọ́ mi," ni Adélaní wí. "Atẹ́gùn wà níbí."

"Ẹ̀gbọ́n, àwọn èèyàn ò ní rí mi níbí."

"Ohun tí mo ń sọ náà nìyẹn."

Oṣù méjì àkọ́kọ́ kò rọgbọ. Bí Oyèbọ́lá bá kọ ọ̀rọ̀ kan, Akínlolú á fi àtàǹpàkò gbá ọ̀rọ̀ mẹ́rin jáde láti inú okùn. "O ń sọ̀rọ̀ ju olórin lọ," obìnrin náà á ní. Tí ó bá bínú tán, á dárúkọ Ayọ̀kúnlé, ọmọkùnrin kan ní Ìlárá-Mọ̀kín tó ń ta bàsì ní ṣọ́ọ̀ṣì yunifásítì, tó jẹ́ pé ìpè kan péré ni yóò gbé e dé Ijapo. Akínlolú kì í sùn dáadáa lálẹ́ ọjọ́ tí wọ́n bá dárúkọ Ayọ̀kúnlé.

Ó wá di ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, wọ́n wà láàárín orin, ọ̀kan nínú okùn mẹ́fà náà tú. Akínlolú tẹ ẹ̀rọ tó ń pa ohùn gìtá mọ́ títí ènìyàn yóò fi tún okùn ṣe. Ó dorí kodò, ó ń yí kọ́kọ́rọ́ okùn, gbogbo ẹsẹ̀ kejì orin náà sì kọjá lórí rẹ̀. Ègbè ló tó padà bá wọn. Nígbà tí orin parí, ó ti ń ṣètò ẹ̀bẹ̀ lẹ́nu.

Oyèbọ́lá bọ́ dígí ojú rẹ̀. "Lolú, ẹsẹ̀ kejì yẹn."

"Mà, ẹ jọ̀ọ́..."

"Ohun tí mo ti ń wá nìyẹn láti ọjọ́ tó o ti dé. Bó o ṣe rọra ń rìn lábẹ́ ohùn mi yẹn. Máa ṣe é bẹ́ẹ̀."

Adélaní mi orí. "Ọmọ náà ti ń gbọ́n."

Akínlolú wo gìtá rẹ̀. Ó wo ẹ̀rọ tó fi pa ohùn. Olóòótọ́ ènìyàn ì bá ti sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n bí ìyìn bá ṣìnà wọlé ẹni, ta ni í béèrè orúkọ lọ́wọ́ rẹ̀?

"Ẹ ṣé, mà," ló sọ.

Nígbà tó délé, ó fi ọkàn ara rẹ̀ balẹ̀ pé fírísà ni. Fírísà ńlá kan wà nínú gáréèjì náà tí Oyèbọ́lá ń kó ẹja sí, ó sì máa ń kùn. Àwọn èèyàn náà gbọ́ fírísà, wọ́n rò pé bàsì ni. Àlàyé yìí bọ́gbọ́n mu, àfi pé ẹni tí fírísà ẹja ta bàsì jù kò ní ohun tó lè fi yangàn mọ́.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun kejì, ó mọ̀ọ́mọ̀ pa ohùn gìtá rẹ̀ ní ẹsẹ̀ kejì, ó dẹ etí. Nǹkan kan ń rìn lábẹ́ orin náà. Ohùn mẹ́rin lásán ni, kò kánjú, kò ṣe àṣehàn, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń fi díẹ̀ ṣáájú ìlù, bí àgbà tó ti dé ẹnu ọ̀nà kí àlejò tó kan ilẹ̀kùn. Kò ti ẹ̀yìn wá, níbi tí kọ́ńbò Akínlolú wà. Apá ọ̀tún níwájú ló ti ń wá, lábẹ́ aṣọ ìnura, láti inú àpótí tí wọ́n ká wáyà rẹ̀ tí wọ́n fi ọ̀rá dè. Òórùn róòbù sì gba gbogbo gáréèjì.

Nígbà tí orin parí, Akínlolú tẹ̀ sétí Adélaní. "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ gbọ́ ọ?"

"Mo gbọ́ kí ni?"

"Bàsì."

Adélaní wò ó títí. "Lolú, ṣebí ìwọ lò ń ta bàsì. Ṣé o fẹ́ kí n tún yìn ọ́ ni?"

Bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rù àti ìgbéraga ṣe di ayálégbé nínú Akínlolú, tí wọ́n jọ ń sùn lórí ẹní kan. Ẹ̀rù ní kó sá. Ìgbéraga ní kó dúró díẹ̀ sí i, nítorí orúkọ rẹ̀ ń tàn. Ẹsẹ̀ kan ló fi bẹ̀rẹ̀, ó di ẹsẹ̀ méjì, ó di odindi orin. Bó ṣe ń dákẹ́ tó ni wọ́n ń yìn ín tó. Níbi àsè kan ní hòtẹ́ẹ̀lì kan ní Àkúrẹ́, ọkùnrin kan wá bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, ó ní òun kò tíì gbọ́ ẹni tó ta bàsì pẹ̀lú ìrẹ̀lẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìrẹ̀lẹ̀ yìí dùn mọ́ Akínlolú débi pé ó sọ ọ́ fún ènìyàn mẹ́tàlá kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí.

Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn kan náà, bí wọ́n ṣe ń palẹ̀ mọ́, Adélaní ju aṣọ ìnura Jethro sí i pé kó ká a. Aṣọ náà kò gbẹ. Òógùn ló rin ín gbindin, ó sì lọ́ wọ́ọ́rọ́. Akínlolú ká a, ó gbé e padà sórí kọ́ńbò, ó nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ṣòkòtò. Kò sọ èyí fún ẹnì kankan.

Ọdún yí po. Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta ìrántí, ọkọ̀ wọn ti kọjá Òwènà, wọ́n ń sún mọ́ Oǹdó, nígbà tí Oyèbọ́lá yíjú padà láti iwájú.

"Lolú, òní ló pé o. Bí eré bá parí, màá sọ fún gbogbo èèyàn bóyá ibi tí Jethro ń dúró sí ti di tìrẹ, tàbí kí n pe ọmọ Ìlárá-Mọ̀kín. Ìbídùnní ìyàwó Jethro á wà níbẹ̀. Etí rẹ̀ mú ju tèmi lọ."

"Kò séwu, mà," Akínlolú wí. Ó ti pinnu. Láti orin àkọ́kọ́ títí dé èyí tó kẹ́yìn, òun kò ní jẹ́ kí ohùn kan jáde lára gìtá òun. Ta ló tún mọ bí Jethro ṣe ń ta bàsì ju Jethro lọ?

Gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì ni, ní ọ̀sán gangan, lẹ́yìn ìsìn. Wọ́n gbé kọ́ńbò Jethro sí ọ̀tún níwájú, wọ́n fi aṣọ ìnura lé e. Ìbídùnní jókòó ní ìlà àkọ́kọ́, obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ tó wọ aṣọ funfun. Ó gbé fìlà ọkọ rẹ̀ sórí àga tó wà lápá ọ̀tún rẹ̀, ẹni tó bá sì fẹ́ jókòó síbẹ̀, á fi ọwọ́ jẹ́jẹ́ júwe ibòmíràn fún un.

Adélaní ka mẹ́rin. Akínlolú ti yí bọ́tìnì ohùn gìtá rẹ̀ wálẹ̀ pátápátá. Ìka rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jó lórí okùn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Ó di ojú, ó gbé àgbọ̀n sókè díẹ̀, bí ẹni tí orin ti gbé lọ.

Kò sí nǹkan kan.

Orin náà ń lọ láìfẹsẹ̀tẹlẹ̀. Ohùn Oyèbọ́lá wà ní ìhòòhò lókè lọ́hùn-ún, ìlù ń lù, kò sì sí ohun tó so àwọn méjèèjì pọ̀. Akínlolú fa imú, kò gbóòórùn róòbù. Ó la ojú. Aṣọ ìnura gbẹ lórí kọ́ńbò bí ìwé. "Ẹ̀gbọ́n Jethro," ó ní nínú ara rẹ̀, "ẹ jọ̀ọ́." Kò tíì bẹ alààyè kankan báyẹn rí.

Ìgbà náà ló wo iwájú. Ìbídùnní ti sún sápá òsì díẹ̀ lórí àga rẹ̀, bí obìnrin ṣe ń ṣe bí ọkùnrin tó sanra bá jókòó tì í. Ó tẹ orí sí ọ̀tún, síbi tí fìlà wà, ó ń gbọ́ nǹkan kan, ó sì rẹ́rìn-ín músẹ́. Òórùn róòbù wá, ó rọra ń bọ̀ láti àárín àwọn òǹwòran.

Ẹsẹ̀ kìíní parí. Oyèbọ́lá kò wẹ̀yìn. Adélaní ló bá a yíjú wo Akínlolú.

Akínlolú na ọwọ́ sí bọ́tìnì, ó yí i sókè. Ó wá gbogbo àrà tó mọ̀ nínú orí rẹ̀, kò rí ẹyọ kan. Ohùn mẹ́rin tó ti ń gbọ́ láti oṣù mẹ́wàá nìkan ló rí. Ó ta wọ́n. Wọ́n pẹ́ díẹ̀. Okùn kan kùn níbi tí kò yẹ kó kùn. Ṣùgbọ́n orin náà rí ilẹ̀ tẹ̀, ó sì dúró lé e títí wọ́n fi parí.

Gbọ̀ngàn dìde, àwọn kan ń nu ojú. Oyèbọ́lá mú ẹ̀rọ gbohùngbohùn.

"Ṣé ẹ gbọ́ ohun tí Akínlolú ṣe? Ó fi ẹsẹ̀ kìíní sílẹ̀ fún olóògbé. Ó jẹ́ ká gbọ́ bí ilé ṣe rí láìsí i. Ọdún kan gbáko, kò sẹ́ni tó ronú kàn án nínú àwa tá a bá a ṣeré." Ó yíjú sẹ́yìn. "Lolú, ibi tí Jethro ń dúró sí, láti òní lọ, tìrẹ ni."

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Akínlolú la ẹnu láti sọ òtítọ́, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ ti mọ ọ̀nà ibòmíràn láti ọjọ́ pípẹ́. "Ẹ ṣé, mà," ló jáde.

Nígbà tí wọ́n ń palẹ̀ mọ́, Ìbídùnní wá mú aṣọ ìnura.

"Ẹ kú ìrọ́jú, mà," ni Akínlolú kí i.

"O ṣeun." Ó ká aṣọ náà sí mẹ́rin. "Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo fi ń wo ọwọ́ ẹni tó ń ta bàsì. Mo rí i nígbà tó o yí bọ́tìnì sókè. Ẹni tó bá sì dákẹ́ nítorí òkú, ìka rẹ̀ kì í jó." Kò gbé ohùn sókè. "Ta lò ń retí?"

Ojú Akínlolú lọ sórí kọ́ńbò.

"Ẹ̀gbẹ́ mi ni wọ́n jókòó sí," ó ní, bí ẹni tó ń sọ pé ọkọ òun wà lẹ́yìnkùlé. "Ta ní í ṣiṣẹ́ níbi ìrántí ara rẹ̀?"

Ó yẹ kí Akínlolú sá. Ó yẹ kó kúnlẹ̀, ó kéré tán. Ṣùgbọ́n ẹ̀dá kì í fi ara rẹ̀ sílẹ̀ lójijì.

"Mà," ó ní jẹ́jẹ́, "kí ni wọ́n sọ nípa bàsì mi?"

Ìbídùnní rẹ́rìn-ín. "Wọ́n ní o pẹ́. Wọ́n ní ṣùgbọ́n o dé." Ó fi aṣọ ìnura sábẹ́ apá. "Má sọ fún àwọn yẹn. Jẹ́ kí wọ́n máa rò ó bí wọ́n ṣe rò ó. Àwa ń lọ ilé."

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó tẹ̀ lé e, Akínlolú dúró lápá ọ̀tún níwájú, níbi tí gbogbo ayé ti lè rí i. Kò gbé pákó ẹ̀rọ rẹ̀ wá, àfi ẹyọ kan tó fi ń pa ohùn. Orin dé ẹsẹ̀ kejì. Ẹsẹ̀ rẹ̀, láìbéèrè lọ́wọ́ rẹ̀, tẹ ẹ̀rọ náà. Ó dẹ etí, ó fa imú, ó dúró. Fírísà ẹja ń kùn nínú igun.

"Lolú," Oyèbọ́lá wí láìyíjú padà, "bàsì dà?"