Ohun Tó Jẹ Irun Ológbò

Ọdún tí ìjọba ológun yọ ọkọ mi lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í se ọṣẹ dúdú ní Ẹdẹ. Ọṣẹ ìfọṣọ ti di ohun tí à ń tò fún láti àárọ̀, bí ènìyàn bá sì yà kúrò lórí ìlà, sọ́jà á nà án. Mo ní irú ìyà bẹ́ẹ̀ kò ní jẹ èmi. Mo ra èèpo kòkó lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ abúlé Alajue, mo sun ún, mo kó eérú rẹ̀ jọ sínú ahéré ẹ̀yìnkùlé.

Ìgbà náà ni irun ológbò ìyá ọkọ mi bẹ̀rẹ̀ sí í re. Ikùn ló ti bẹ̀rẹ̀, ó dé itan, ó dé ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, awọ rẹ̀ sì pọ́n yòò. Mo ní làpálàpá ni. Ta ni yóò ra ọṣẹ nílé tí làpálàpá wà? Mo fi ọṣẹ mi wẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, nítorí ta ni kò mọ̀ pé ọṣẹ dúdú ni oògùn làpálàpá? Ńṣe ló burú sí i.

Ìyá ọkọ mi bẹ̀ mí títí. Wọ́n ní ológbò náà nìkan ni àwọn ń bá sọ̀rọ̀ láti ìgbà tí bàbá ọkọ mi ti kú. Etí mi di. Mo di ológbò sínú àpò, mo ní kí Àtàndá, àbúrò ọkọ mi, gbé e sọdá odò Ọ̀ṣun, torí ológbò tí kò bá sọdá omi, ilé ló ń padà wá.

Àtàndá lọ yá kẹ̀kẹ́. Ológbò ń ké nínú àpò. Ìyá ọkọ mi kò bẹ̀ mí mọ́, wọ́n kàn bi mí pé:

"Ìyàwó, irun tó re yẹn, ṣé o ti rí i nílẹ̀ níbì kankan?"

Pẹ̀lú ìbínú ni mo wọ ahéré lọ bu eérú. Irun ló kún orí eérú níbẹ̀, ojú ẹsẹ̀ ológbò sì gba àárín rẹ̀ lọ sídìí ògiri, ó lọ, ó bọ̀. Òjò ti jò sí eérú náà. Mo tẹ̀ ẹ́ láìwọ bàtà, ó ta mí bí ata.

Nídìí ògiri, nínú apẹ̀rẹ̀ àtijọ́ kan, ọmọ ológbò mẹ́rin sùn, ojú wọn kò tíì là. Irun wọn pé, ó ń dán. Èmi tí mo bí mẹ́ta kò tilẹ̀ kíyè sí i pé ikùn ìyá wọn ti fà.

Ara mi bù máṣọ. Akọ ológbò àdúgbò wa máa ń pa ọmọ jẹ, kò sì lè gba orí eérú tútù kọjá. Ìyá wọn mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó ń wọ́ ikùn kọjá lórí ohun tó máa ń bó àtẹ́lẹwọ́ mi bí mo bá ń se ọṣẹ, kó lè fún wọn lọ́mú, á sì tún gba orí rẹ̀ padà. Ọjọ́ wo, ìgbà mélòó, mi ò mọ̀. Èmi wá ń fi ọṣẹ wẹ̀ ẹ́ lé e. Ojú tì mí débi pé mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Nígbà tí mo jáde lọ tú àpò, ológbò náà kò wò mí rárá. Ó kọjú sí ahéré. Mo sáré ṣíwájú rẹ̀, mo bọ́ ìborùn tí wọ́n fi gbé mi níyàwó, mo tẹ́ ẹ sórí eérú.

"Abiyamọ," mo wí fún un, "orí èyí ni kí o máa gbà."